OMI INÚ ÀMÙ, OMI OJÚ ODÒ: BÍ ÌKÀNNÌ ṢE LÈ TÈTÈ DÉ ÒDE-ÈKÌTÌ



Kí omi ẹ̀rọ tó dé ìlú, ìwọ̀nba ilé ni kò ní àmù ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Èmùré. Ní kùtùkùtù òwúrọ̀ ni àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé ti máa ń gba ọ̀nà odò lọ. Wọn a pọn omi wálé, wọn a sì dà á sínú àmù tí ó wà ní kọ̀rọ̀ ilé. Láti ìgbà náà títí di alẹ́, ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ kò ní láti sáré lọ sí odò mọ́. Igbá ni yóò fi bu omi mu. Odò kò kúrò ní ipò rẹ̀, òun ni orísun. Àmù kò sì bá odò du ipò, ohun tí ó ṣe kò ju pé ó gbé omi sún mọ́ ẹni tí yóò mu ún.

Ẹni tí ó bá mú ọ̀rọ̀ àmù yìí dání, ohun tí ètò tòní dá lé lórí kò ní rú u lójú. Òun ni bí àwọn tí ń kọ́ ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń kó ẹ̀dà àwọn fáìlì tí kì í yí padà sínú àwọn kọ̀ǹpútà tí ó wà nítòsí àwọn tí ń lò wọ́n, àti ohun tí èyí jẹ́ fún ará Òde-Èkìtì.

Ohun kan wà tí ó jẹ́ ti Òde-Èkìtì gan-an, tí ó lè la ọ̀rọ̀ náà yéni. Ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ìlẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀gá agbẹ́gilére ni Ọlọ́wẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ni ó fi ṣe ilé, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún Arínjalẹ̀. Lára ìlẹ̀kùn náà, ó gbẹ́ Ògògà lórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé lórí rẹ̀, ó gbẹ́ àwọn olorì, ó sì gbẹ́ òyìnbó aṣojú ìjọba tí àwọn èèyàn rù wọ̀lú. Ní ọdún 1924, wọ́n kó ìlẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò padà wálé mọ́. British Museum ni ó gbà á, tí wọ́n sì fi àga ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ fún Ògògà. Ọlọ́wẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó gbẹ́ òmíràn láti dípò èyí tí ó lọ.

Ìkẹ́rẹ́ yìí kan náà ni Yunifásítì Bamidele Olumilua wà, èyí tí ó jẹ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì fún àwọn olùkọ́ kí ó tó di yunifásítì ní ọdún 2020. Ká ní olùkọ́ kan ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ àròkọ lórí iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò lè wọ ọkọ̀ òfurufú lọ wo ìlẹ̀kùn. Àwòrán rẹ̀ ni yóò wá lórí fóònù. Àwòrán náà kò yàtọ̀ lánàá, kò yàtọ̀ lónìí. Bákan náà ni ẹni tí ó wà ní Èmùré àti ẹni tí ó wà ní Brazil yóò ṣe rí i. Ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ ni pé: níbo ni fáìlì àwòrán náà wà, irú ìrìn-àjò wo ni yóò sì rìn kí ó tó dé ojú fóònù akẹ́kọ̀ọ́?

Bí ó bá jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà, ìrìn-àjò náà kò kéré. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa fún àwọn tí ó bá béèrè ní fáìlì, ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní server. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú wáyà dígí tí wọ́n tẹ́ sí abẹ́ òkun. Nínú dígí, ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà. Àlọ àti àbọ̀ yóò jẹ́ 10,000. Èyí túmọ̀ sí pé bí kò tilẹ̀ sí ìdíwọ́ kankan, ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú-àáyá ni yóò lọ sí i. Ṣùgbọ́n wáyà kì í tọ ọ̀nà tààrà, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ sì wà lójú ọ̀nà tí ó ń gba ọ̀rọ̀ tí ó sì ń tari rẹ̀ síwájú, nítorí náà ó sábà máa ń tó ìlọ́po méjì iye yẹn.

Ẹnìkan lè rẹ́rìn-ín pé ta ni yóò mọ ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lára. Òótọ́ ni bí ó bá jẹ́ ìrìn-àjò ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n bí Yorùbá kì í ṣeé wọ ilé onílé kí ó má kí i, bẹ́ẹ̀ ni fóònù àti server kì í ṣeé wọ inú ọ̀rọ̀ láìkí ara wọn. Fóònù yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn, server yóò dáhùn. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò jọ mọ ara wọn dájú, tí wọn yóò sì fi ẹnu kò lórí bí ẹnikẹ́ni kò ṣe ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ̀yìn ìkíni ni ìbéèrè ń tẹ̀ lé. Ojú ewé tí ó kọ́kọ́ dé yóò wá sọ pé òun nílò fáìlì tí ń ṣètò àwọ̀ àti ìtò. Fáìlì yẹn yóò sọ pé òun nílò irú lẹ́tà ìkọ̀wé kan. Lẹ́yìn náà ni àwòrán yóò tó kàn. Bí ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ bá di mẹ́wàá, ìṣẹ́jú-àáyá kan gbáko ti lọ, kí a tó mẹ́nu ba bí ẹrù fáìlì fúnra rẹ̀ ṣe wúwo tó. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá tún ń mì, tí ọ̀rọ̀ kan sọnù lójú ọ̀nà, wọn yóò ní láti tún un rán. Bí ọ̀nà bá sì ṣe jìn sí ni àtúnrán ṣe ń pẹ́ sí.

Nígbà tí ẹ̀dà àwọn fáìlì wọ̀nyí bá wà ní Èkó ńkọ́? Ìkẹ́rẹ́ sí Èkó kò ju nǹkan bí 300 kìlómítà lọ. Àlọ àti àbọ̀ ìmọ́lẹ̀ nínú dígí lórí ìrìn yẹn kò ju ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ohun tí ó kù kò ju èyí tí òpó fóònù tí ó wà ní àdúgbò yóò gbà. Àwọn kọ̀ǹpútà tí ń tọ́jú ẹ̀dà lọ́nà yìí ni a ó máa pè ní server ìtòsí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ni àmù. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá béèrè fáìlì kan ni server ìtòsí yóò torí rẹ̀ lọ sí odò, èyí tí í ṣe server orísun. Yóò pọn ọ́n wá, yóò fún un, yóò sì tọ́jú ẹ̀dà. Gbogbo àwọn tí ó bá tẹ̀ lé e, inú àmù ni wọn yóò ti bu tiwọn.

Iṣẹ́ yìí ní ìtàn. Ní àárín ọdún 1990 sí 2000, nígbà tí èrò ń pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò kan, Tom Leighton, àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Daniel Lewin, ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, wá ọgbọ́n ìṣirò tí a fi lè pín fáìlì kan náà sí ọ̀pọ̀ server kí èrò má baà rọ́ lu ọ̀kan ṣoṣo. Ní ọdún 1998 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Akamai sílẹ̀. Lewin wà lára àwọn tí ó kú nínú ọkọ̀ òfurufú ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ kò kú.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà tirẹ̀. Ìgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan bá fi ránṣẹ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó sí orí ti ilé-iṣẹ́ mìíràn ní Èkó kan náà lè ní láti lọ sí Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà kí ó tó padà wálé, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ náà kò ní ibi tí wọ́n ti ń pàdé. Ní ọdún 2006 ni wọ́n dá IXPN sílẹ̀, ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti ń bá ara wọn ṣe pàṣípààrọ̀ ní ilé. Wáyà abẹ́ òkun náà ń pọ̀ sí i: SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2002, MainOne dé ní ọdún 2010, Equiano ti Google gúnlẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2022. Bí ibùdó pàṣípààrọ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bí Google, Facebook àti Cloudflare wá gbé server ìtòsí tiwọn sí Èkó. Ìwádìí tí ẹgbẹ́ Internet Society gbé jáde ní ọdún 2020 sọ pé láàárín ọdún 2012 sí 2020, ìpín ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì tí Nàìjíríà ń rí gbà láti inú ilé gòkè láti nǹkan bí 30 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, owó tí èyí sì ń bá orílẹ̀-èdè náà fi pamọ́ lọ́dọọdún tó 40 mílíọ̀nù dọ́là.

Ọjọ́ ìdánwò dé ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024. Wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní etíkun Côte d'Ivoire. Láti Liberia títí dé Nàìjíríà ni ìnira náà kàn. Iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn bẹ́ńkì kan, owó tí àwọn èèyàn fi ránṣẹ́ kò dé ibi tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí, àtúnṣe wáyà náà sì gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà ṣẹ lójú gbogbo ayé: àwọn tí ó ní ọ̀nà mìíràn, bí Equiano àti Glo-1, ni ọ̀rọ̀ náà kò dà láàmú púpọ̀. Ẹ̀kọ́ kejì sì wà níbẹ̀. Fáìlì tí ẹ̀dà rẹ̀ ti wà nínú server ní Èkó kò nílò wáyà abẹ́ òkun kí ó tó dé Ìkẹ́rẹ́. Ohun tí ó ní láti dé òkè òkun kí ó tó lè dáhùn ni ó há sójú ọ̀nà. Nígbà tí ọ̀nà odò bá dí, ilé tí àmù rẹ̀ kún ni òùngbẹ kì í tètè pa.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ó ṣeé kó sínú àmù. Oríṣi ohun méjì ni ó wà nínú ìkànnì. Èkíní ni èyí tí ó rí bákan náà fún gbogbo èèyàn: àwòrán, lẹ́tà ìkọ̀wé, fáìlì tí ń ṣètò àwọ̀, fáìlì JavaScript tí ń mú ojú ewé ṣiṣẹ́. Èkejì ni èyí tí ó jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo tàbí tí ń yí padà lójú ẹsẹ̀: èsì ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́, iye owó tí ó kù ní bẹ́ńkì, ọ̀rọ̀ àṣírí. Èyí kejì gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ server orísun wá, bí ọ̀nà tilẹ̀ jìn. Ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀ yóò tú àṣírí aláṣìírí. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2015 lórí Steam, ìkànnì tí ilé-iṣẹ́ Valve ti ń ta eré orí kọ̀ǹpútà. Àṣìṣe nínú ètò ìtọ́jú ẹ̀dà mú kí ojú ewé tí ó jẹ́ ti oníbàárà kan máa hàn sí ẹlòmíràn. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sọ pé ó tó nǹkan bí 34,000 èèyàn tí ọ̀rọ̀ náà lè kàn.

Ìṣòro mìíràn ni omi àná. Bí àwọn tí ó ni ìkànnì bá tún fáìlì kan ṣe ní orísun, báwo ni server ìtòsí yóò ṣe mọ̀ pé ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ òun ti di àtijọ́? Ọgbọ́n tí ó dára jù lórí èyí jọ àṣà ìsọmọlórúkọ Yorùbá. Ọmọ tí ó bá mú ìwọ́ rẹ̀ kọ́rùn wáyé, Òjó tàbí Àìná ni. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ jáde nínú ìbejì, Táíwò ni. Bí ọmọ ṣe rí nígbà tí ó dé ni ó bí orúkọ rẹ̀. Àwọn tí ń kọ́ ìkànnì náà ń fún fáìlì ní orúkọ àmútọ̀runwá. Kọ̀ǹpútà yóò ṣe ìṣirò lórí gbogbo ohun tí ó wà nínú fáìlì, èsì ìṣirò náà ni yóò sì fi kún orúkọ rẹ̀. Bí àmì kan ṣoṣo bá yí padà nínú fáìlì náà, orúkọ rẹ̀ yóò yí padà. Nítorí náà, server lè tọ́jú fáìlì tí ó ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ fún odidi ọdún kan láìbẹ̀rù, nítorí ohun tí ó bá yàtọ̀ kò ní jẹ́ orúkọ yẹn láéláé. Ojú ewé àkọ́kọ́, tí ó ń dárúkọ àwọn yòókù, nìkan ni wọn kì í jẹ́ kí ó pẹ́ nínú àmù. Wọn a máa bi orísun léèrè bóyá ó ti yí padà kí wọ́n tó gbé e fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ti yí padà, yóò dárúkọ fáìlì tuntun, wọn yóò sì lọ pọn ọ́n.

Ẹ̀wẹ̀, server ìtòsí fúnra rẹ̀ lè dákú. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 2021, oníbàárà kan ṣoṣo ni ó ṣe ìyípadà nínú ètò tirẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ Fastly, kò sì ṣe ohun tí kò tọ́. Ṣùgbọ́n ìyípadà náà jí àbùkù kan tí ó ti ń sùn nínú ètò ilé-iṣẹ́ náà, ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún server wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí dáhùn pẹ̀lú àṣìṣe. Ìkànnì ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn ìwé ìròyìn ńlá di èyí tí kò ṣeé ṣí. Láàárín ìṣẹ́jú 49 ni wọ́n ti tún èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà kan kò wọ ọjà tún rèé: ẹni tí ó bá fi ìkànnì tí ìlú gbára lé sí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ server ìtòsí kan, kí ó mọ ọ̀nà tí ìkànnì náà yóò gbà bí ilé-iṣẹ́ yẹn bá dákẹ́.

Níbo ni gbogbo èyí wá fi ará Òde-Èkìtì sí? Àmù tí ó wà ní Èkó dára ju odò tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ, ṣùgbọ́n Èkó kì í ṣe Ìkẹ́rẹ́, kì í sì í ṣe Èmùré. Láti Èkó dé abẹ́ Òkè Olósùnta, wáyà dígí ni ó yẹ kí ó gbé ọ̀rọ̀ wá, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ri wáyà mọ́lẹ̀ ti ń kùn nípa owó tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń gbà kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà. Ní ọdún 2020, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì, lábẹ́ Gómìnà Kayode Fayemi, dín owó náà kù láti 4,500 náírà sí 145 náírà lórí ìwọ̀n ilẹ̀ kan náà. Irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà lójú ẹni tí ó bá kà á nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n òun ni ó ń là ọ̀nà tí omi yóò gbà láti inú àmù dé ẹnu.

Ó sì yẹ kí òtítọ́ kan yé gbogbo èèyàn. Server ìtòsí ń dín ìdúró kù, kì í dín ẹrù kù. Àwòrán tí ó wúwo tó mẹ́gábáìtì márùn-ún láti Lọ́ńdọ̀nù, mẹ́gábáìtì márùn-ún náà ni láti Èkó, dátà kan náà ni ìyá tí ń ta ẹ̀fọ́ ní Ìsẹ̀ yóò sì fi owó ara rẹ̀ rà fún ọmọ rẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni èyí fi lé ọwọ́ ẹni tí ó kọ́ ìkànnì. Èkíní, kí ó fún àwòrán rẹ̀ mọ níwọ̀n kí ó tó gbé e jáde. Ojú fóònù kékeré kò nílò àwòrán tí ó tó ara ògiri. Èkejì, kí ó rántí pé àmù tí ó sún mọ́ni jù lọ kì í ṣe èyí tí ó wà ní Èkó. Inú fóònù ni ó wà. Fóònù náà lè tọ́jú ẹ̀dà, bí server bá ti sọ fún un pé fáìlì náà ṣeé tọ́jú àti iye ọjọ́ tí yóò fi wà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá padà sí ojú ewé kan náà lọ́la, fáìlì tí ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní gba wáyà òkun, kò ní gba òpó àdúgbò, kò sì ní jẹ kọ́bọ̀ nínú dátà rẹ̀. Ìlà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń fún fóònù ní àṣẹ yìí. Ẹni tí ó bá gbàgbé láti kọ ọ́ ń rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sí odò ní ojoojúmọ́ pẹ̀lú àmù tí ó ṣófo nínú ilé.

Ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí kọ̀ǹpútà lè parí. Ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí àwòrán rẹ̀, tí kì í yí padà, tí kì í tán bí èèyàn mélòó bá wò ó, fi ní láti máa sọdá òkun nígbàkígbà tí ọmọ Ìkẹ́rẹ́ bá fẹ́ mọ iṣẹ́ ọwọ́ ará ilé rẹ̀. Kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn ọ̀dọ́ Òde-Èkìtì tí ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà bi ara wọn léèrè nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé ìkànnì kalẹ̀: èwo nínú ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni kì í yí padà, níbo sì ni ẹ̀dà rẹ̀ yóò wà? Ẹni tí ó bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì yìí ti pọn omi sílé de òùngbẹ.